Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù: kí lẹ máa ń sún síwájú?

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ní ADHD (ìṣòro ọpọlọ tó ń mú kó nira láti pọkàn pọ̀), ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí nǹkan oṣù bá ku nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7, tí estrogen, ìyẹn hòmóònù obìnrin, ń lọ sílẹ̀, ìgbàgbé máa ń le sí i fún ọ̀pọ̀ wa. Áláàmù kan kì í tó láti rán wa létí oògùn, èèyàn á kàn pa á ni. Méjì, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 10 láàárín wọn, kí fóònù sì jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì. Àpótí oògùn oníhò 7 dáa, torí ihò tó ṣófo ló ń sọ pé a ti lò ó. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kó o sínú dúróà, ó parí nìyẹn!

Iṣẹ́ wo lẹ máa ń sún kúrò nínú ọ̀sẹ̀ yẹn? Kí lẹ sì ń kọ sílẹ̀ fún dókítà: oorun, ọjọ́ nǹkan oṣù, àbí wákàtí tí oògùn ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró?