Báwo ni kí n ṣe tọ́jú máṣíìnì mi kí yìnyín tó dé ní Chicago?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Chicago ni mo ń gbé, mo sì ní alùpùpù Honda àtijọ́ kan tí mo fẹ́ràn bí ẹyinjú. Tí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kì í jẹ́ kí n lè gbé e jáde.

Lọ́dún tó kọjá, abẹ́ tápólì ni mo gbé e sí lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ tí mo ṣí i, bátìrì ti kú pátápátá, ṣéènì ti dípẹtà, eku sì ti fi koríko gbígbẹ tẹ́ ibùsùn sínú àpótí fílítà. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Ní báyìí mo ti rí ààyè nínú gáréèjì kan, àmọ́ kò níná. Epo ló ń dà mí láàmú jù: bẹntiróòlù ibí sábà máa ń ní ẹtanọ́ọ̀lù (irú ọtí kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo) ìdá 10 nínú 100, ó sì máa ń fa omi mọ́ra. Kàbúrétọ̀ ni tèmi ń lò. Ṣé kí n rọ táńkì kún dẹ́múdẹ́mú, kí n da oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ sí i, àbí kí n fa gbogbo rẹ̀ dà?

Bátìrì ńkọ́? Ṣé kí n yọ ọ́ wá sínú ilé? Aládùúgbò mi ní kí n kàn máa ṣáná sí máṣíìnì náà fún ìṣẹ́jú 5 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á, torí ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó láti lé omi inú rẹ̀ jáde.

Ẹni tó bá sì mọ ohun tó ń lé eku, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi.