Wọ́n fi èédú fa ìlà síwájú yàrá mi

Màmá Fáridà: Ẹ kú kónílé-ó-gbélé Kòrónà 2020 yìí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ilé tí mò ń gbé ní Òkè-Baálẹ̀, yàrá ń kọjú sí yàrá ni, kànga kan ni gbogbo wa ń fà. Láti ìjẹta ni wọ́n ti sọ mí di ẹni ìtanù. Ìyá yàrá kejì, tí mo bá pọn ọmọ nígbà tó ń ṣàìsàn, ló fi èédú fa ìlà gbọọrọ síwájú yàrá mi, ó ní n kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀ tí èèyàn bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n tú korobá kúrò lókùn kànga, kálukú ń gbé tirẹ̀ wọlé. Lánàá Fáridà nawọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n fa ọmọ yẹn sẹ́yìn bí ẹni pé ẹ̀tẹ̀ ló wà lára tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́rin! Láńlọ́ọ̀dù tó jẹ mí lówó iná láti oṣù kejì kò tiẹ̀ dá sí i. Ṣé kí n kó jáde ni, àbí kí n pe ọlọ́pàá sí wọn?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá mi. Nígbà Ebola, ní 2014, mo kàn húkọ́ nínú mọ́tò láti Ìkìrun, wọ́n já mi sílẹ̀ ní Dágbolú. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wọ Òṣogbo. Kó jáde!

Bàbá Ìgbọ̀nà: Kó jáde lọ síbo, nígbà tí wọ́n ti ìlú pa? Mítà méjì ni wọ́n ní ká fi jìnnà síra wa.

Ìyá Ìbejì: Mítà méjì, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èèyàn méjì kò lè gbà kọjá? Ẹ wá bá wa wọ̀n ọ́n.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́kúwodò: Màmá Fáridà, kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìjẹta?

Màmá Fáridà: Kò sí nǹkan kan. Mò ń fọwọ́, mo sì fi àǹkárá rán ìbòmú mẹ́ta.

Ọmọ Èjìgbò: Àwọn ará wa 127 tó ti Ivory Coast dé lóṣù kẹta, ṣe ni wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó bú gbogbo wa lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ìyá wa ti lé ní 70, a kò fẹ́ kó ràn án.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́kúwodò: Bàbá ọmọ ńkọ́?

Màmá Fáridà: Kí ló kan bàbá ọmọ? Mushin ló ti ń ṣiṣẹ́. Ebi fẹ́ pa á lÉkòó, ó bá ọkọ̀ tó já ata ní Mile 12 padà lóru, ó wọlé ní ìdájí ìjẹta. Ṣé kí n tilẹ̀kùn mọ́ ọkọ mi ni? Òun ló tún ń fa omi fún wa.

Bàbá Ìgbọ̀nà: Háà! O wá ń bú aládùúgbò!

Ìyá Ìbejì: Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ta ni kò ní ṣílẹ̀kùn?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́kúwodò: Ọjọ́ 14 ni kí gbogbo yín fi jókòó sínú yàrá. Kí wọ́n máa gbé omi dé ibi ìlà yẹn fún yín. Ṣé ara bàbá ọmọ gbóná?

Màmá Fáridà: Díẹ̀, lálẹ́ àná. Ibà ni. Nǹkan kan ló kàn ń yà mí lẹ́nu. Mo da ìrú tuntun sọ́bẹ̀ láàárọ̀ yìí, gbogbo ilé ń ta sánsán. Ọkọ mi sún ìkòkò mọ́ imú, ó ní ṣé n kò fi ìrú sí i ni.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́kúwodò: Àìgbóòórùn wà lára àmì Kòrónà. Ẹ pe NCDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, báyìí, 6232. Kó má fọwọ́ kan okùn kànga mọ́. Fáridà ńkọ́?

Màmá Fáridà: Ó wà lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀. Mo ti ń pè wọ́n. Ó ń dún.