Òfin kan fún ọ̀yà àti ẹtu: ta ni kí àwa ọdẹ kọ̀wé sí?

Ẹ̀yin àgbà ọdẹ àti ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin igbó, ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọdọọdún ni àwa ọdẹ ìlú wa ń sanwó ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń gbé ìbọn, n kò tíì rí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ó wọ igbó wá wo iye ẹran tó kù. Òfin kan náà ni wọ́n fi de ọ̀yà àti ẹtu, bẹ́ẹ̀ ọ̀yà a máa bí tó mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn oyún oṣù márùn-ún, nígbà tí ẹtu kì í sábà bí ju ẹyọ kan lọ. Lóṣù tó kọjá, ọ̀yà gé àgbàdo mi nídìí, odidi ebè méje lóru ọjọ́ kan, wọ́n sì ní n kò gbọdọ̀ yìnbọn. Àwọn tí ń dáná sun igbó lẹ́ẹ̀rùn, tí wọ́n ń pa ẹran tọmọtọmọ (àwọn gan-an ni wọ́n ń ba igbó jẹ́ jù, lójú tèmi), kò sí ẹni tí ó mú wọn.

Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ ọdẹ yín ti bá ìjọba jókòó rí kí wọ́n lè ya òfin ẹran kékeré sọ́tọ̀? Ta ni kí a kọ̀wé sí, irú àkọsílẹ̀ wo nípa ẹran tí a ń pa ni ó sì lè gbe ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀?