Mọ̀ọ́sọ-mọ̀ọ́fèsì: orúkọ tí mo fara mọ́ fún àyẹ̀wò ọmọ kékeré

Ìwé kan la fẹ́ kọ sí àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ní Adó-Èkìtì àti àyíká rẹ̀. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn ń sọ̀rọ̀, ó lè ka ení, èjì dé ogún, àmọ́ kì í dáni lóhùn, kì í na ìka sí ohun tó fẹ́ kí a jọ wò, bí a bá sì bi í ní ìbéèrè, ìbéèrè náà gan-an ni yóò tún sọ padà fúnni. A fẹ́ kí òbí gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ a ṣì ń wá orúkọ Yorùbá tí a ó pe àyẹ̀wò náà, èyí tó ń wo bí ọmọ ṣe ń lo ọ̀rọ̀ láti bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ ("social communication assessment" lédè Gẹ̀ẹ́sì). Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ dábàá "ìdánwò ìbánisọ̀rọ̀ àwùjọ". Nọ́ọ̀sì kan láti Ìdó ní kí a kọ "àyẹ̀wò àìgbọ́ra-ẹni-yé". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, mi ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìdánwò kúrò. Bí ìyá bá ti gbọ́ ìdánwò, ìdáhùn ni yóò máa kọ́ ọmọ lálaalẹ́. Ìgbéléwọ̀n tí àwọn olùkọ́ ń kọ sí ìparí ètò ẹ̀kọ́ náà, máàkì ló ń rùn. Àyẹ̀wò ti tó wa. Ohun tí wọ́n ń pè é ní ọsibítù nìyẹn, ó sì bá iṣẹ́ náà mu. Etí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa lè jọ ẹni tí kò kà wá sí. Wọn á fọ̀rọ̀ wá òbí lẹ́nu wò, wọn á sì jókòó ti ọmọ nídìí eré: ṣé ó ń yíjú bí a bá pe orúkọ rẹ̀? Ṣé ó ń fi páálí ṣe ọkọ̀? Ṣé ó ń dúró kí ẹnìkejì sọ tirẹ̀? Kò sí pé ọmọ yege tàbí ó fìdí rẹmi níbẹ̀.

Ní ti "ìbánisọ̀rọ̀ àwùjọ", ẹ gbọ́ ọ bí ẹni tó ń tajà ní Ọjà Ọba ṣe máa gbọ́ ọ. Ẹni tó di gbohùngbohùn mú níwájú èrò ni yóò rí. Ọmọ ọdún mẹ́rin wo ló ń bá àwùjọ sọ̀rọ̀? "Àìgbọ́ra-ẹni-yé" tún burú ju ìyẹn lọ: ìjà tọkọtaya ni. Òbí á ní ọmọ òun ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹlòmíì mú "ìbánilò" wá, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ìbálòpọ̀ jù fún ìwé tó kan ọmọdé.

A ti ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tipẹ́, kò sì sí ẹni tí kò yé. Nídìí rẹ̀ ni mo ti fa "mọ̀ọ́sọ-mọ̀ọ́fèsì" yọ: "àyẹ̀wò mọ̀ọ́sọ-mọ̀ọ́fèsì". Èsì lè jẹ́ ẹ̀rín, orí mímì tàbí ìka nínà, kò di dandan kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọmọ lè mọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ kó má mọ ìgbà tó yẹ kó sọ wọ́n. Àwọn kan ní kí a kúkú kọ ọ́tísìmù ("autism"), ìyẹn ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ tó ń mú kí ó ṣòro fún ọmọ láti bá ẹlòmíì ṣe pọ̀. Rárá o. DSM-5, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń lò, ya ìṣòro lílo ọ̀rọ̀ láàárín ẹni sí ẹni yìí ("social communication disorder") sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́tísìmù ní 2013, ó sì sọ pé ó ṣọ̀wọ́n kí a tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 4. Àyẹ̀wò ló ń ṣáájú orúkọ àìlera.

Wọ́n ti ta kò mí pé ilé ìwé la ti ń kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, pé òbí lè rò pé òun ni kò kọ́ ọmọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Kí gbólóhùn kan tẹ̀ lé e pé kì í ṣe àìtọ́mọ ló fà á.

Ohun tó ká mi lára ju orúkọ lọ ni èdè tí wọ́n máa fi yẹ ọmọ wò. Wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ń yí ọ̀rọ̀ padà bí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ bá yí padà. Lẹ́nu ọmọ Ọ̀yọ́, "ẹ" àti "o" á ti fi í hàn. Nínú èdè Èkìtì àbáláyé, ọmọ lè fi "o" bá bàbá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí àrífín kankan. Ẹni tó bá ti ibòmíì wá, tó ń retí "ẹ", á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ kò mọ ìyàtọ̀. Ìkúnlẹ̀ àti ìkíni ni kó máa wò. Ojú wíwò náà ńkọ́? Àwa fúnra wa la ń kọ́ ọmọ pé kó má tẹjú mọ́ àgbà. Ẹ wo bó ṣe ń wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá sì pe ilé ní "ulé", tó pe iṣu ní "uṣu", èdè ìyá rẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe àṣìpè. Mo fẹ́ kí èyí wà nínú ìwé náà pẹ̀lú, kí òbí lè sọ ọ́ fún ẹni tó bá gbà á lálejò.

Ó ku orúkọ ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò náà. "Oníṣègùn ọ̀rọ̀" tí wọ́n dábàá, ẹni tó ń pọfọ̀ ló gbé wá sí mi lọ́kàn. "Onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ" tẹ́ mi lọ́rùn títí ẹnìkan á fi rí èyí tó kúrú jù ú lọ.