Papa rellena mi ń là sínú epo, ẹ gbà mí o

Alásè_Òru: Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ ṣe papa rellena bí àwọn ará Peru ṣe ń ṣe é, mo se pòtétò, mo gún un, mo fi bo ẹran lílọ̀ tí mo ti fi àlùbọ́sà àti kúmínì dín, ó dùn ún wò gan-an, àfi bí mo ṣe jù ú sínú epo ló là sí méjì, ẹran dà síta, epo ń ta pàrà, díẹ̀ ló kù kó jó mi lójú. Kí ni mi ò ṣe dáa? Wọ́n tún ní ti Cuba yàtọ̀, ṣé lóòótọ́?

Ìyá_Elépo: Pẹ̀lẹ́, omi ló ṣe ẹ́. Tèèpo-tèèpo ni kó o sè é, bó o nígbà tó ṣì gbóná, tẹ̀ ẹ́ ni o, má gún un, tó o bá gún un á máa fà bíi gọ́ọ̀mù. Jẹ́ kó tutù pátápátá kó o tó mọ ọ́n. Ẹran yẹn náà, tí omi bá ṣì wà lára ẹ̀, epo á sọ ọ́ di ooru, ibi tó bá fẹ́lẹ́ jù nínú pòtétò yẹn ló máa já gbà.

Ẹsẹ̀_Ò_Gbélé: Wọ́n yàtọ̀ o. Ti Peru gùn bíi pòtétò gangan, ẹyin sísè, ólífì àti àjàrà gbígbẹ máa ń wà nínú ẹ̀, wọ́n á wá bu salsa criolla sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, ìyẹn àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Ti Cuba rí roboto, wọ́n á rì í sínú ẹyin, wọ́n á yí i nínú búrẹ́dì gbígbẹ tí wọ́n lọ̀. Ní Colombia, wọ́n ń kó ìrẹsì sínú ẹ̀, èmi ò rí ìdí ẹ̀ o, ìrẹsì nínú pòtétò! Ti Naples ní Ítálì ni mo fẹ́ràn jù, ṣíìsì ló wà nínú ẹ̀, tó o bá gé e jẹ ó máa fà títí dé àgbọ̀n.

Alásè_Òru: Ẹ ṣé mà. Mo ti bó o, mo tiẹ̀ tún gé e wẹ́wẹ́ kí n tó sè é, àṣé omi ló ń mu. Mo ti tún un ṣe, mo kó mẹ́ta sí fíríìjì fún wákàtí kan. Méjì dúró, ìkẹta tún là.

Ìyá_Elépo: Ṣé kì í ṣe pé o kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú epo lẹ́ẹ̀kan náà? Epo á tutù, kò ní tètè gan.

Alásè_Òru: Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mà. Ebi ń pa mí.