Àwọn òbí mi ń lọ sórí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́: ṣé sànítáísà tó láti fi dènà èébì àti ìgbẹ́ gbuuru?

ỌmọKubwa

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi (ọdún 72) àti màmá mi (ọdún 67) ń lọ ṣe fàájì lórí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Abuja ni wọ́n ti máa wọ bàálù lọ sí Barcelona, ibẹ̀ ni wọn ó ti wọ ọkọ̀, ọjọ́ méje ni wọn ó sì lò lórí omi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní èébì àti ìgbẹ́ gbuuru máa ń jà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn á dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ra sànítáísà ike mẹ́wàá ní ọjà Wuse. Ṣé ó tó? Kí ni kí n tún dì sẹ́rù wọn? Tí àìsàn náà bá wá mú ẹnì kan nínú wọn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ìdí abájọ, torí bàbá mi kì í gba "ẹ má ṣe" àyàfi tí wọ́n bá mọ ohun tó fà á.

Nọ́ọ̀sìGwagwalada

Ẹ kú ìtọ́jú òbí. Sànítáísà ò tó, òun sì kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Kòkòrò tó sábà ń dá wàhálà yẹn sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni norovirus. Fáírọ́ọ̀sì ni. Àwọn fáírọ́ọ̀sì bíi ti kòrónà ní aṣọ ọ̀rá tí wọ́n fi bora. Ọtí inú sànítáísà á tú aṣọ náà ká, kòkòrò á sì kú. Norovirus ò wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Èèpo rẹ̀ le, kò lọ́ràá, ọtí ò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ọṣẹ pàápàá kì í pa á. Ohun tí ọṣẹ ń ṣe ni pé ó ń ṣí i nípò lára awọ, kí omi tó ń ṣàn lè gbé e lọ. Inú fífi ọwọ́ ra ọwọ́ àti omi tó ń ṣàn ni gbogbo iṣẹ́ náà wà, ẹ má jẹ́ kí òórùn dídùn ọṣẹ tàn yín.

Ẹ sọ èyí fún bàbá: fáírọ́ọ̀sì tí kò ju bíi 18 lọ lè dá èèyàn dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ gíráàmù kan péré nínú ìgbẹ́ aláìsàn lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìdọ̀tí tí ojú ò rí, tí imú ò gbọ́ òórùn rẹ̀, ti pọ̀ jù.

Ṣíṣanwọ́ kọ́ là ń wí o, fífọwọ́ ni. Kí wọ́n bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Kí omi kan ọwọ́ méjèèjì (omi tútù tàbí lílọ́wọ́ọ́wọ́, kò sí ìyàtọ̀), kí wọ́n fi ọṣẹ pa á títí yóò fi hó. Àtẹ́lẹwọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́, àlàfo àárín ìka. Lẹ́yìn náà, ibi mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbójú fò: àtàǹpàkò, kí wọ́n fi ọwọ́ kejì dì í mú kí wọ́n máa yí i, orí ìka, kí wọ́n máa fi ha àtẹ́lẹwọ́ kejì, àti abẹ́ èékánná. Kí rírà yìí nìkan tó ìṣẹ́jú àáyá 20 kí wọ́n tó ṣan ọṣẹ kúrò. Kí wọ́n gé èékánná kí wọ́n tó kúrò nílé, ti ọmọ náà ní pàtàkì.

Ọwọ́ tútù máa ń kó kòkòrò ju ọwọ́ gbígbẹ lọ, nítorí náà kí wọ́n fi tíṣù nù ún gbẹ. Tíṣù yẹn kan náà ni kí wọ́n fi ti ẹnu ẹ̀rọ omi, kí wọ́n fi di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú jáde, kí wọ́n tó jù ú sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Ọwọ́ ẹlẹ́gbin ló ṣí ẹ̀rọ yẹn. Tí wọ́n bá tún fi ọwọ́ mímọ́ tì í, wọ́n ti padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi bẹ màmá lórí abọ́ omi ìṣanwọ́ tí a máa ń gbé káàkiri níbi àríyá. Omi tí ẹni márùn-ún ti ki ọwọ́ bọ̀, ẹ̀gbin gbogbo wọn ló ń dúró de ẹni kẹfà. Tí kò bá sí ẹ̀rọ omi nítòsí, kí ẹnì kan máa dà á láti inú ike kí ẹlòmíràn máa fọ̀. Sànítáísà yẹn, kí wọ́n mú méjì dání fún ìgbà tí omi ò bá sí rárá, torí ó ṣì ń pa kòkòrò mìíràn. Èyí tí wọ́n bá máa gbé wọ inú bàálù kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ níke kan.

WoléWoléKaduna

Nọ́ọ̀sì ti sọ ti ọwọ́ tán. Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí tábìlì oúnjẹ, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ tí wọ́n fọ̀ mọ́ ti ń padà dọ̀tí.

Ẹ wo bí bùfẹ́ ṣe ń lọ. Bàbá á fọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, á mú àwo, á di ṣíbí ìbùjẹ tí igba èèyàn ti dì mú láàárọ̀ yẹn mú, á fi èmú mú búrẹ́dì, á di ike iyọ̀ mú, á jókòó, á sì fi ọwọ́ yẹn kan náà bu búrẹ́dì sẹ́nu. Fífọwọ́ tó ṣáájú bíbu oúnjẹ kò wúlò fún búrẹ́dì yẹn mọ́. Ètò tó tọ́ ni kí wọ́n bu oúnjẹ tán, kí wọ́n gbé àwo kalẹ̀ sọ́dọ̀ màmá, kí wọ́n lọ fọwọ́, kí wọ́n wá jẹun. Màmá náà á wá lọ fọ tirẹ̀. Tàbí kí wọ́n lọ sí ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé e wá bá èèyàn ní tábìlì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní in, owó rẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú owó ìrìnàjò tí wọ́n ti san.

Oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ gbóná ní tòótọ́. Ìlànà àwọn wolé-wolé ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ni ìwọ̀n 57 sẹ́ńtígírédì sókè fún oúnjẹ gbígbóná, 5 sísàlẹ̀ fún títutù. Tí ọbẹ̀ bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní àwọn èbúté Mediterranean, wọ́n á gbé ìṣáwùrú òkun àti oyster wá ní tútù, láìsè, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́. Kí wọ́n má jẹ ẹ́. Ohun abẹ̀mí wọ̀nyí ń sẹ́ omi òkun gba inú ara wọn kọjá láti rí oúnjẹ. Tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ bá wọ òkun níbẹ̀, inú wọn ni norovirus ń kó jọ sí. Kí wọ́n kàn fi oru omi bọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́ kò tó, torí kòkòrò náà máa ń fara da ìgbóná tó tó 60. Ọsàn tí wọ́n bá fúnra wọn bó sàn ju èso tí wọ́n ti gé kalẹ̀ lọ.

Omi ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kì í sábà jẹ́ ìṣòro. Ìlànà kan náà ní kí kúlórìǹnì inú rẹ̀ má dín sí mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan títí dé ẹ̀rọ omi tó jìnnà jù. Orí ilẹ̀, níbi tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀, ni kí wọ́n ti ṣọ́ra fún áìsì àti omi tí wọn ò mọ orísun rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù pọ̀ jù o. Norovirus kì í ṣe àrùn ọkọ̀. Ilé ìwé kan ní ìlú Norwalk, ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tó ti jà ní 1968, ló ti gba orúkọ. Nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ròyìn pé ó jà ní Amẹ́ríkà, ti ọkọ̀ ìgbafẹ́ kò ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Ohun tó mú kí a máa gbọ́ ti ọkọ̀ ni pé dandan ni fún wọn láti ka aláìsàn. Ọkọ̀ tó bá ń yà sí èbúté Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ òkèèrè, tí ìdá 3 nínú 100 èrò tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti lọ sọ fún dókítà, wọ́n á gbé e síta fún gbogbo ayé rí. Àwọn wolé-wolé yẹn tún máa ń já wọ ọkọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n á fún un ní máàkì lórí 100. Èyí tó bá gba 85 sísàlẹ̀ ti feèlì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ná Mediterranean nígbà ooru ló ń lọ sí Caribbean nígbà òtútù, nítorí náà ẹ wá orúkọ ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì CDC (àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tó ni àwọn wolé-wolé yẹn), ó ṣeé ṣe kí máàkì rẹ̀ wà níbẹ̀.

ỌmọKubwa

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Bàbá ò lè fi bútà sílẹ̀, omi ni wọ́n máa ń lò. Ṣé ìyẹn léwu? Àti pé ṣé kí n fi Hypo kékeré sẹ́rù wọn kí màmá lè nu yàrá?

ÌyáÌbejìGwarinpa

Bútà ò léwu, omi tó ń ṣàn ni. Ibi tí wọ́n ń dì mú lára rẹ̀ ni kí ẹ máa wò, torí ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ tí wọn ò tíì fọ ọṣẹ sí gbé e padà sílẹ̀. Kí wọ́n mú ike òfìfo dání dípò rẹ̀; tí wọ́n bá ń fọwọ́, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ara ike náà pẹ̀lú. Ọwọ́ méjèèjì ni kí wọ́n fọ̀, kì í ṣe òsì nìkan.

Tọ́lẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ máa ń fi afẹ́fẹ́ fa ìgbẹ́ lọ pẹ̀lú agbára, páìpù rẹ̀ sì tín-ín-rín. Kí wọ́n pa ìdérí dé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí omi má tàn sára búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó wà nítòsí. Wáìpù ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ láé, á dí i.

Hypo kò gbọdọ̀ wọ bàálù, ó wà lára ẹrù tí wọ́n kà léèwọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní tiwọn. Ohun tí màmá lè ṣe ni kí wọ́n mú tíṣù àti ọṣẹ olómi, kí wọ́n fi nu rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti fóònù ní ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé. Fóònù yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ tẹnu mọ́: èèyàn á fọwọ́ tán, á tún gbá fóònù tó ti gbé sórí tábìlì bùfẹ́ mú.

Tí ẹnì kan bá bì nítòsí wọn, kí wọ́n má dúró wò. Kí wọ́n bo imú, kí wọ́n gbé ọmọ kúrò, kí wọ́n pe òṣìṣẹ́. Èébì máa ń tú ẹ̀kán wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́, á balẹ̀ sórí oúnjẹ àti àga.

Nọ́ọ̀sìGwagwalada

Mo padà wá torí ìbéèrè ìkẹta. Láàárín wákàtí 12 sí 48 lẹ́yìn tó bá wọ ara ló ń bẹ̀rẹ̀: èébì òjijì, inú rírun, ìgbẹ́ bí omi, ibà díẹ̀ nígbà mìíràn. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló sábà ń lò. Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ti onígbáméjì kò kan án. Flagyl àti tẹtirasáíkíílìnì tí a máa ń sáré gbé mì nílé kò ràn án rárá, torí fáírọ́ọ̀sì ni. Omi ara tó ń gbẹ ló ń pa èèyàn, omi náà la ó sì dá padà.

Ẹ di páálí ORS kan (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi láti dá omi ara padà) sínú ẹrù. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ rí iye omi tí wọ́n ní kí wọ́n pò ó mọ́, kí wọ́n má dín in. Tó bá tán: iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, ojú ṣíbí kó tẹ́jú, omi mímọ́ lítà kan. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn, mílílítà 100 sí 200 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá bì í, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n wá máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n fi síǹkì mílígíráàmù 20 kún un lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Mínírà kò dára, ṣúgà rẹ̀ pọ̀, ó lè mú ìgbẹ́ náà le sí i. Loperamide (oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró) kò sí fún ọmọdé, àgbàlagbà tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tàbí tí ara rẹ̀ gbóná kò sì gbọdọ̀ lò ó.

Tí bàbá tàbí màmá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kí èèyàn tọ̀, tàbí metformin fún àtọ̀gbẹ, kí wọ́n sọ fún dókítà ọkọ̀ ní kété tí ìgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ó lè ní kí wọ́n dá a dúró díẹ̀. Kí wọ́n má fi ara pamọ́ nítorí pé wọ́n á ní kí wọ́n jókòó sí yàrá. Ìdúró yẹn ló ń dáàbò bo ọmọ àti àwọn arúgbó mìíràn nínú ọkọ̀. Ojú tó jìn, ẹnu gbígbẹ, ìtọ̀ tó dín kù, ẹkún láìsí omijé: kí wọ́n sáré pe dókítà.

Ohun kan ṣì kù, ti ìgbà tí wọ́n bá padà sílé ní Kubwa níbí. Kòkòrò yẹn ṣì lè máa bá ìgbẹ́ jáde fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Tó bá mú màmá lórí ọkọ̀, kí wọ́n má wọ ilé ìdáná fún wákàtí 48 ó kéré tán lẹ́yìn tí ìgbẹ́ bá dá, kí ẹlòmíràn gún iyán àwọn tó wá kí wọn káàbọ̀. Ibí yìí ni Hypo wúlò. Tí ara ike bá ní 3.5%, ife kan sínú ife omi 34 fún tọ́lẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ da á sí i, kó wà lórí ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó nù ún. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì pò ó mọ́ Harpic, èéfín tó ń jáde nínú rẹ̀ ń jó ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí ẹ bá pò lónìí, ẹ lò ó tán lónìí.