Oògùn hẹpatáítísì C ń bá mi fà á, ṣé kí n dá a dúró ni?

Awakọ̀ Ọ̀nà Ọ̀yọ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá hẹpatáítísì C, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ojú mi ò pọ́n, ìtọ̀ mi ò pọ́n, n kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe mí. Wọ́n tún ní kí n ṣe àyẹ̀wò kejì, èyí tí owó ẹ̀ ga jù, òun ló sọ pé kòkòrò náà wà lára mi lóòótọ́. Sofosbuvir àti daclatasvir ni wọ́n kọ fún mi, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12.

Orí ń fọ́ mi, ó ń rẹ̀ mí, oúnjẹ àárọ̀ kì í wọlé. Ìyẹn ò le jù. Èyí tó ń já mi láyà ni pé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọwọ́ mi á kàn ṣàdédé máa gbọ̀n, màá máa làágùn, ojú mi á ṣú. Ó mú mi lórí eré ní Fìdítì, mo sáré yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èrò kan bá mi ra mínírà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri. Mo mu ún tán, kò pẹ́, ara mi balẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n da oògùn náà nù, pé òun á lọ ra àgbo wá ní Bódìjà. Ó kù díẹ̀ kí n gbà fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó rí, ẹ dákun, ẹ dá sí i.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ má dá a dúró o! Ẹ̀gbọ́n mi lò ó tán. Orí fọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀, omi ló ń mu ṣáá, ó sì gbé oògùn náà sí alẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kí àárẹ̀ ẹ̀ lè bá a lórí ibùsùn. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀ ló ń fúyẹ́. Àmọ́ ti gbígbọ̀n yẹn, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀.

Egbòogi Gidi:
Oògùn òyìnbó gan-an ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ìgò méjì péré nínú àgbo mi, ẹ ti bọ́. Ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà:
Alága, ṣé ẹ ò rí ẹni yìí ni? Ọjà ló wá tà.

Bàbá Tíṣà:
Ẹ jẹ́ n sọ ti ìgbà tiwa. Abẹ́rẹ́ interferon ni wọ́n ń gún fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ribavirin, ọ̀sẹ̀ 48 gbáko. Tí wọ́n bá gún un lónìí, ibà á dé lálẹ́, eyín mi á máa pa kèékèé lábẹ́ aṣọ. Irun mi ń re, ẹ̀jẹ̀ mi lọ sílẹ̀, inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ mi. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, kòkòrò náà tún padà wá! Ìparí ọdún 2013 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí sofosbuvir. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa mo lò ó, ó lọ, kò sì padà mọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá lò ó pé, àwọn tó ń bọ́ lé ní 95. Ẹ wá fẹ́ torí orí fífọ́ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ lọ mu àgbo tẹ́ ẹ ò mọ ohun tí wọ́n rẹ sí i? Èmi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ya àwo yín sọ́tọ̀ nínú ilé, bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi. Jíjẹun pọ̀ kì í kó o ranni. Abẹ ìfárí, ohun ìgékánná, abẹ́rẹ́, abẹ tí wọ́n fi ń sín gbẹ́rẹ́, àwọn wọ̀nyẹn ni kẹ́ ẹ má bá ẹnikẹ́ni pín lò.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé:
Ẹ ṣeun, Bàbá Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, ẹ jọ̀ọ́, oògùn mìíràn wo lẹ ń lò? Kí èèyàn máa gbọ̀n, kó máa làágùn, kí mínírà sì lé e lọ, kò jọ iṣẹ́ ọwọ́ sofosbuvir lójú mi.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ọ̀yọ́:
Mo ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ti pẹ́. Glibenclamide ni mo ń lò, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn ni mo ti ń gbà á. Bí oúnjẹ àárọ̀ ò bá tiẹ̀ wọlé, mo máa ń lò ó.

Nọ́ọ̀sì Ṣadé:
Ó tán! Ó jọ pé ṣúgà yín ló ń já wálẹ̀. Kòkòrò yìí máa ń jẹ́ kí ṣúgà ga nínú ẹ̀jẹ̀. Bí oògùn bá ti ń pa á, ṣúgà á máa lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n glibenclamide yín ò yí padà, ẹ tún ń lò ó láìjẹun. Tó bá tún mú yín, ẹ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Tí kò bá tó 70 mg/dL, ẹ mu mínírà tàbí kẹ́ ẹ po ṣúgà mu, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wọ̀n, kẹ́ ẹ wá jẹun gidi, torí glibenclamide máa ń pẹ́ lára, ó lè tún fà á wálẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà lọ́la, ẹ má dín in kù fúnra yín. Ẹ má sì wakọ̀ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ẹ̀mí èrò ń bẹ lọ́wọ́ yín.

Kí dókítà méjèèjì mọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń gbé mì, àgbo náà wà níbẹ̀. Carbamazepine tí wọ́n fi ń wo wárápá, àti rifampicin ti ikọ́ ife, máa ń sọ oògùn hẹpatáítísì yìí di aláìlágbára. Amiodarone tí àwọn tó ní àìsàn ọkàn ń lò, tó bá pàdé sofosbuvir, ọkàn lè máa lù lọ́ra débi ewu. Ṣé wọ́n yẹ hẹpatáítísì B wò fún yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Tó bá sá pamọ́ sára, ìtọ́jú C lè jí i.

Awakọ̀ Ọ̀nà Ọ̀yọ́:
Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí. Ó mú mi ní gáréèjì, mo wọ̀n ọ́n, 54 ni! Dókítà ti dín glibenclamide kù, ó ní kí n máa jẹun kí n tó lò ó. Ọmọ mi ló ń wakọ̀ fún mi báyìí, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù, àmọ́ ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Gbígbọ̀n ti lọ, orí ṣì ń fọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó mi ò dárúkọ àgbo mọ́. Ó wá ní kí n bi yín: ṣé kí òun náà lọ yẹ ara òun wò? Báwo sì ni màá ṣe mọ̀ pé ó ti lọ?

Nọ́ọ̀sì Ṣadé:
Ẹ lo oògùn náà tán, ẹ ka ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn hóró ìkẹyìn, kẹ́ ẹ wá tún ṣe àyẹ̀wò olówó gọbọi yẹn. Tí wọn ò bá rí kòkòrò, ó ti lọ. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn á ṣì máa mú yín títí lọ, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ojú àpá tí kòkòrò náà fi sílẹ̀ ló ń rí. Ẹ tọ́jú ìwé èsì náà dáadáa. Kí mọ́mì náà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì yẹ B mọ́ ọn. B ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, C kò ní.